Kí Ẹ Tó Tẹ "Install": Ìtàn Àwọn Áàpù Ọ̀fẹ́ Tó Ní Àwọn Ń Fọ Mẹ́mọ́rì

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń jáde lemọ́lemọ́ lórí àwọn gúrúùpù WhatsApp wa. Ẹnìkan á gbé líǹkì kan síbẹ̀, á ní: "Ẹ gba áàpù yìí, ọ̀fẹ́ ni o, á fọ mẹ́mọ́rì fóònù yín, á máa sáré bí ẹṣin." Kò ní pẹ́, ẹlòmíràn á béèrè lábẹ́ rẹ̀ pé: "Ṣé kò léwu ṣá?" Àwọn kan á ní àwọn ti lò ó, kò ṣe nǹkan kan. Àwọn mìíràn á ní ká má fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀, olúkúlùkù á sì ṣe bó ṣe wù ú.

Kí ló dé tí mo fi ń gbé ọ̀rọ̀ áàpù wá sínú ìwé ìròyìn ìlú? Ẹ wo ohun tí fóònù ti dà láàárín wa. Ẹni tó ta kòkó, orí fóònù ni aláàtì owó rẹ̀ ń wọlé sí. Ẹni tó ń ṣe POS létí títì Ore sí Bìní, fóònù ló ń wò kó tó kówó fún oníbàárà. Ọmọ wa tó wà lókè òkun, orí fóònù ló ti ń fowó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá ráyè wọ fóònù yín lónìí, àpò yín ló wọ̀ yẹn.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká wo ìbéèrè yẹn láti inú ìtàn. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún báyìí tí wọ́n ti ń bá aráyé tajà mẹ́mọ́rì, àwọn kan fowó tà á, àwọn kan pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ará iwájú bá jìn sí kòtò, ará ẹ̀yìn á fi kọ́gbọ́n. Bí ẹ bá ka ìtàn náà tán, ẹ ó rí i pé ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan: ṣé ó léwu? Ṣé ó tiẹ̀ wúlò? Èyí àkọ́kọ́ nìkan la máa ń béèrè, èkejì ló sì yẹ kó ṣáájú.

KÍ NI MẸ́MỌ́RÌ GAN-AN?

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sóko. Lẹ́yìn tí a bá ti fọ́ kòkó, tí a sì ti bò ó fún ọjọ́ díẹ̀, ojú sìmẹ́ńtì la máa ń sá a sí. Ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Ibẹ̀ la ti ń yí i, ibẹ̀ la ti ń ṣa ìdọ̀tí kúrò nínú rẹ̀. Èyí tó bá gbẹ, a ó rọ ọ́ sínú àpò, a ó gbé e wọ yàrá. Ojú sìmẹ́ńtì kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kíákíá lọwọ́ ń tó gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Yàrá tóbi, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ wọlé, kí ẹ tú àpò, kí ọwọ́ yín tó tó ohun tó wà níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe rí. Ohun tí wọ́n ń pè ní RAM ni ojú sìmẹ́ńtì: ibẹ̀ ni gbogbo áàpù tí ẹ ṣí ti ń ṣiṣẹ́. Storage ni yàrá: ibẹ̀ ni fọ́tò, fídíò àti àwọn áàpù tí ẹ kò tíì ṣí wà. Nítorí náà, nígbà tí fóònù bá kọ ọ́ sójú pé àyè ti tán, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe RAM ló ń wí, yàrá ló ń wí. Àwọn fídíò tí a ń fi ránṣẹ́ láti gúrúùpù kan sí òmíràn ló kún ibẹ̀. Àwọn tó ń ṣe áàpù wọ̀nyí mọ̀ pé a máa ń da méjèèjì pọ̀, inú ìdàpọ̀ yẹn ni wọ́n sì ti ń rí wa mú.

Ohun kejì nìyí: RAM tó ṣófo kì í ṣe èrè. Ojú sìmẹ́ńtì tó ṣófo lásìkò kòkó, ṣé ẹ ó yọ̀ sí i? Àwọn tó ṣe Windows àti Android mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa tọ́jú ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lò sórí RAM, kó lè yá bí ẹ bá tún fẹ́ ẹ. Bí áàpù mìíràn bá wá nílò àyè, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á kó ti tẹ́lẹ̀ kúrò. Kò dúró de ẹnikẹ́ni kó wá bá òun gbá ilẹ̀.

Kí wá ni áàpù tó ń fọ RAM ń ṣe? Kòkó tútù ló ń rọ sínú àpò, kí ẹ lè rí i pé ojú sìmẹ́ńtì ti mọ́. Láìpẹ́ ẹ ó tún tú u jáde, torí kò tíì gbẹ. Iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ti di iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, bátìrì yín ló sì ń jẹ ẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ti ń wọnú ìtàn lọ.

1995: PÁÁLÍ TÓ NÍ ÒUN Á SỌ RAM DI ÌLỌ́PO MÉJÌ

Lọ́dún 1995, RAM wọ́n gan-an. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni Microsoft gbé Windows 95 jáde, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó wà nílé àwọn èèyàn kò sì ní RAM tó lè gbé e dáadáa. Ilé iṣẹ́ kan ní California ní Amẹ́ríkà, Syncronys Softcorp, wá gbé ọjà kan jáde tó ń jẹ́ SoftRAM, lẹ́yìn náà SoftRAM95. Ìlérí wọn ni pé kò ní í sídìí láti ra RAM mọ́: ẹ fi èyí sórí kọ̀ǹpútà yín, RAM yín á di ìlọ́po méjì. Àwọn èèyàn rà á bí ẹní ra búrẹ́dì. Wọ́n ta nǹkan bí 100,000 nínú ti àkọ́kọ́ àti 600,000 nínú SoftRAM95.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ wá tú u wò. Ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà kan ní Jámánì, c't, wà lára wọn, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà mẹ́ta, Mark Russinovich, Bryce Cogswell àti Andrew Schulman, náà sì yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n rí i pé kò sí ìlọ́po méjì kankan níbẹ̀. Nọ́ńbà tó ń fi han oníbàárà lójú kọ̀ǹpútà ni ó ń pọ̀ sí i, RAM dúró síbi tó wà. Ní oṣù Kejìlá 1995, ilé iṣẹ́ náà kó ọjà rẹ̀ kúrò lórí igbá. Lọ́dún 1996, àjọ FTC tó ń gbèjà oníbàárà ní Amẹ́ríkà fi òfin mú wọn lórí ìlérí tí kò ní ẹ̀rí.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan níbí. SoftRAM kò jí owó báńkì ẹnikẹ́ni, kò sì jí àṣírí ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá béèrè nígbà yẹn pé "ṣé ó léwu?", wọn ì bá dáhùn pé kò léwu púpọ̀. Ìbéèrè tó yẹ ni pé "ṣé ó wúlò?" Èsì rẹ̀ ni rárá. Àti pé ẹ̀tàn tó fi mú wọn kò tíì kú: nọ́ńbà kan tó ń gòkè lójú ẹ̀rọ, tí oníbàárà kò ní ohun tó lè fi wọ̀n ọ́n. Àwa tí a mọ ohun tí ìwọ̀n ayédèrú ń ṣe fún àgbẹ̀, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí irú rẹ̀ mú wa lórí fóònù.

Ọ̀FẸ́ DÉ

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì gbilẹ̀, ọjà náà kúrò nínú páálí, ó di ọ̀fẹ́. Láàárín ọdún 2000 sí 2010, oríṣiríṣi nǹkan tó ń "tún mẹ́mọ́rì ṣe" ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Russinovich yẹn kan náà tún kọ̀wé lórí wọn, ó ní ẹ̀tàn ni. Ó ṣàlàyé ọgbọ́n tí wọ́n ń dá. Ohun èlò náà á béèrè RAM tó pọ̀ lọ́wọ́ Windows lójijì, bí ẹní ní àlejò ọgọ́rùn-ún ń bọ̀. Windows á sáré kó iṣẹ́ àwọn tó kù lọ sórí díìsìkì. Lẹ́yìn náà, á ní òun kò fẹ́ mọ́, á dá gbogbo rẹ̀ padà. Nọ́ńbà RAM tó ṣófo á fò sókè, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bí ẹ bá padà sí iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, á máa wọ́, torí orí díìsìkì ló ti fẹ́ lọ gbé e wá.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo ọ̀fẹ́ ló burú o. Russinovich fúnra rẹ̀ àti Cogswell ní àwọn ohun èlò ọ̀fẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà fẹ́ràn gan-an, èyí tí wọ́n ń pè ní Sysinternals. Microsoft ra ilé iṣẹ́ wọn lọ́dún 2006, àwọn ohun èlò náà sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ títí dòní. Ọ̀kan nínú wọn, RAMMap, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi ohun tó wà nínú RAM hàn yín, kí ẹ lè mọ ohun tó ń jẹ ẹ́. Ẹ rí ìyàtọ̀ wọn báyìí. Ọ̀fẹ́ kan ń fi òótọ́ hàn yín kí ẹ lè fúnra yín pinnu. Ọ̀fẹ́ kejì ń bọ́ nọ́ńbà jáde kí inú yín lè dùn.

ÀYẸ̀WÒ Ọ̀FẸ́, OWÓ GIDI

Ìgbésẹ̀ tó kàn ni ti dẹ́rùbani. Ẹ ó ṣí ojú ewé kan, á ní kọ̀ǹpútà yín ti ń ṣàìsàn, ẹ jẹ́ kí òun yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Yóò yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́, ó sì dájú pé á rí àìsàn. Ìwòsàn ni kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ní oṣù Kejìlá 2008, FTC gbé irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́. Orúkọ ọjà wọn pọ̀: WinFixer, DriveCleaner, ErrorSafe àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn tó kó sí wọn lọ́wọ́. Lọ́dún 2012, ilé ẹjọ́ dájọ́ pé kí ọ̀kan nínú àwọn tó wà nídìí ẹ̀ san ohun tó lé ní mílíọ̀nù 163 dọ́là.

Bí ẹ bá ní àwọn jàgùdà orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ ti 2019. Office Depot, ilé ìtajà ńlá tó ní ṣọ́ọ̀bù káàkiri Amẹ́ríkà, àti Support.com tó ṣe ohun èlò fún un, gbà láti san mílíọ̀nù 35 dọ́là. Ẹ̀sùn FTC ni pé wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ fún kọ̀ǹpútà oníbàárà. Ìbéèrè mẹ́rin ni wọ́n ń kọ́kọ́ bi í, bíi pé ṣé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń wọ́. Bó bá ti lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ẹyọ kan, àbájáde á ní àmì àìsàn wà níbẹ̀. Ta ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í wọ́ nígbà kan? Ẹ wá rí i pé kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà ni àbájáde ti ń jáde, ẹnu oníbàárà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti mú un.

2017: ORÚKỌ RERE NÁÀ KÒ TÓ

Àwọn kan lára yín á ní, "Èmi, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ni mo ń lò." Ó dáa. CCleaner ni orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe RAM gangan, ìdọ̀tí orí díìsìkì ló ń gbá, àmọ́ ọmọ ìyá ni wọ́n, ọwọ́ kan náà la fi ń gbà wọ́n. Ọ̀fẹ́ ni, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, Piriform, sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sábẹ́ Avast, tó jẹ́ pé àwọn gan-an ló ń ṣe òògùn fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà.

Ní oṣù kẹjọ 2017, wọ́n gbé ẹ̀dà tuntun jáde, nọ́ńbà rẹ̀ ni 5.33. Wọn kò mọ̀ pé àwọn ọ̀daràn ti wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n sì ti fi nǹkan tiwọn sínú rẹ̀. Inú ilé ni wọ́n ti bu májèlé sí i, èdìdì ilé iṣẹ́ náà gan-an ló sì wà lára rẹ̀. Ó tó oṣù kan kí àṣírí tó tú ní oṣù kẹsàn-án. Nígbà yẹn, ó ti wà lórí kọ̀ǹpútà tó tó mílíọ̀nù 2.27. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá díẹ̀ ni àwọn ọ̀daràn náà ń wá, nítorí náà ọ̀pọ̀ àwọn tó gbà á kò rí ìjàǹbá. Wọ́n ṣàtúnṣe rẹ̀ kíákíá. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ìdájọ́ tí ẹ ṣe lánàá kò tó fún tòní. Orúkọ rere dára, àmọ́ kì í ṣe ìbúra.

2022: Ó DÉ ORÍ FÓÒNÙ, NCC FI KÌLỌ̀ FÚN WA

Ẹ jẹ́ ká wálé báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní kọ̀ǹpútà, fóònù Android la ní. Orí fóònù ni àwọn áàpù "cleaner" àti "booster" pọ̀ sí jù.

Ní oṣù kejì 2022, ilé iṣẹ́ ààbò kan ní Netherlands, ThreatFabric, rí áàpù ọ̀fẹ́ kan nínú Google Play fúnra rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Fast Cleaner. Ó ní òun á kó ìdọ̀tí kúrò lórí fóònù, òun á jẹ́ kó yára, òun á sì jẹ́ kí bátìrì pẹ́. Ó ju ìgbà 50,000 lọ tí wọ́n ti fi sórí fóònù. Ohun tó gbé pamọ́ ni olè tí wọ́n sọ lórúkọ Xenomorph.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Nígbà tí Google ń yẹ̀ ẹ́ wò, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìgbà tó dé orí fóònù tán ló wá lọ gbé ẹrù búburú náà wá láti ibòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní Accessibility. Àwọn tí ojú tàbí ọwọ́ wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa ni wọ́n torí wọn ṣe àṣẹ yìí, kí áàpù lè bá wọn ka ohun tó wà lójú fóònù, kó sì lè bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ẹ fún olè ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, ẹ ti gbé ojú àti ọwọ́ fún un. Bí ẹni náà bá ṣí áàpù báńkì, Xenomorph á gbé ojú ewé ayédèrú bò ó, bí ìgbà téèyàn wọ aṣọ ẹlòmíràn. Ohun tí ẹ bá tẹ̀ síbẹ̀, ọ̀dọ̀ olè ló ń lọ. Nọ́ńbà tí báńkì bá sì fi ránṣẹ́ sí yín láti fi dá yín mọ̀, òun náà ló ń kà á.

Báńkì 56 ní Yúróòpù ni wọ́n kọ ọ́ láti jà lólè. Síbẹ̀, àjọ NCC ti Nàìjíríà, nípasẹ̀ ẹ̀ka rẹ̀ tó ń mójú tó ààbò kọ̀ǹpútà, kìlọ̀ fún àwa náà nípa rẹ̀ lọ́dún yẹn, wọ́n sì dárúkọ Fast Cleaner. Wọ́n rò ó dáadáa. Olè tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn ní Spain, kí ló kù tó fi máa ṣí tiwa, bí kò ṣe kó yí orúkọ báńkì padà?

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ ọ́ pé "mo ti lò ó, kò ṣe nǹkan kan", mo bẹ̀ yín, ẹ tún ìtàn yẹn kà. Ẹni tó fi Fast Cleaner sórí fóònù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Olè tó gbọ́n kì í pariwo pé òun ti wọlé.

Àṣẹ tí a ń fún áàpù kì í sì í ṣe ohun eré nílẹ̀ wa níbí. Ní oṣù kẹjọ 2021, àjọ NITDA bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé iṣẹ́ tó ni áàpù ẹ̀yáwó Sokoloan. Ẹ̀sùn tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ń fi àṣẹ tí onígbèsè fún áàpù náà gba orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n sì ń ránṣẹ́ ìtìjú sí wọn. Ẹyọ kan "Allow" ló ṣílẹ̀kùn fún un. Nítorí náà, áàpù tó ní RAM lòun fẹ́ fọ̀, kí ló fẹ́ fi orúkọ ẹbí yín ṣe?

BÍ A Ó ṢE MÁA DÁ WỌN MỌ̀

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ni mo fi ṣe ìbéèrè márùn-ún. Ẹ bi ara yín kí ẹ tó tẹ "Install".

Àkọ́kọ́: kí ni ó ṣèlérí? Bó bá ní òun á sọ RAM di púpọ̀, tàbí òun á mú fóònù yára ní ìlọ́po mélòó kan, ti SoftRAM ló tún dé yẹn. RAM tó wà nínú ẹ̀rọ kò lè bímọ. Àwọn fóònù tuntun kan máa ń kọ "extended RAM" sára páálí wọn. Ìyẹn kì í ṣe irọ́, ẹ̀rọ máa ń yá àyè díẹ̀ lára yàrá láti fi ṣe ojú sìmẹ́ńtì. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé kò lè yára tó RAM gidi, ẹ má sì san owó RAM gidi lé e.

Ìkejì: ta ló ṣe é, ọwọ́ ta ni ẹ sì ti gbà á? Ẹ má gba áàpù láti inú líǹkì tàbí fáìlì APK tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí WhatsApp, bó tilẹ̀ jẹ́ ọwọ́ èmi ni ẹ ti rí i. Ibi tí a ti ń ra òògùn kòkó ni ẹ wò: tó bá jẹ́ pé inú ike tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì ni wọ́n rọ ọ́ sí, ẹ ò ní fún un sórí igi. Google Play dára ju líǹkì lọ, ṣùgbọ́n ẹ ti rí i pé òun náà ní ibi tí olè ń gbà wọlé.

Ìkẹta: kí ló ń béèrè? Áàpù tó ní òun fẹ́ fọ mẹ́mọ́rì kò nílò SMS yín, kò nílò orúkọ ẹbí yín, kò sì nílò láti mọ ibi tí ẹ wà. Bó bá béèrè Accessibility, ẹ yọ ọ́ kúrò kíákíá.

Ìkẹrin: báwo ló ṣe ń jẹun? Ẹni tó ṣe é lowó, ó sì lásìkò tó ná. Bí kò bá gbowó lọ́wọ́ yín, ibòmíràn ló ti ń gbà á. Ó lè jẹ́ ìpolówó ọjà, ó lè jẹ́ pé ó ń ta ohun tó mọ̀ nípa yín. Bí ẹ kò bá rí ibi tó ti ń jẹun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yin gan-an ni oúnjẹ.

Ìkarùn-ún: kí ni àwọn mìíràn rí nínú rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ní kọ̀ǹpútà lè lo VirusTotal, tó bẹ̀rẹ̀ ní Spain lọ́dún 2004, tí Google sì rà lọ́dún 2012. Ẹ ó gbé fáìlì áàpù náà síbẹ̀, ohun èlò ààbò tó lé ní 50 á yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má gbé ìwé àṣírí yín síbẹ̀ o, torí àwọn ẹlòmíràn lè rí i. Bí púpọ̀ nínú wọn bá figbe ta, ẹ sá. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan, ẹ rántí CCleaner àti Fast Cleaner: ó túmọ̀ sí pé wọn kò tíì rí i ni, kì í ṣe pé kò sí níbẹ̀.

KÍ LA WÁ LÈ ṢE SÍ FÓÒNÙ TÓ Ń WỌ́?

Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín á pa àwọn kan, àmọ́ èyí nìkan ṣe ju iṣẹ́ tí gbogbo "booster" ń ṣe lọ. Ẹ yọ àwọn áàpù tí ẹ kò lò mọ́ kúrò. Ẹ wọ inú WhatsApp, lọ sí Settings, lẹ́yìn náà Storage and data, kí ẹ pa àwọn fídíò ńlá rẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tó lè bá yín gbá yàrá, Google ní ti ara rẹ̀, Files by Google, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán orúkọ yín, ẹ wá Play Protect, ẹ rí i dájú pé ó wà ní títàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Task Manager á ṣí, ẹ ó rí ohun tó ń jẹ RAM yín. Ẹ pa àwọn tó máa ń tàn fúnra wọn láìnídìí ní Startup. Bó bá ṣì ń wọ́, ẹ gbé e lọ fún oníṣẹ́ tí ẹ mọ̀ kó fi RAM gidi kún un, bí àyè bá wà fún un. Microsoft pàápàá ní ohun èlò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ PC Manager, tó ní bọ́tìnì tó ń fọ mẹ́mọ́rì. Èmi ò ní sọ pé ó léwu, torí ọwọ́ àwọn tó ni Windows ló ti wá. Àmọ́ ohun tí mo sọ nípa kòkó tútù kò yí padà.

Bó bá jẹ́ pé irú áàpù bẹ́ẹ̀ ti wà lórí fóònù yín tẹ́lẹ̀, ẹ má jáyà. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Accessibility, bí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ pa á kí ẹ tó yọ áàpù náà kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù mìíràn pààrọ̀ nọ́ńbà àṣírí báńkì yín. Bí owó kan bá ti rìn, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín ni kí ẹ pè lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni gbé sórí gúrúùpù.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè "ṣé kò léwu?" rèé. Nínú ọgbọ̀n ọdún ìtàn yìí, àwọn kan léwu, àwọn kan kò léwu, àmọ́ èyí tó ń mú RAM pọ̀ kò sí níbẹ̀. Bí èrè kò bá sí lọ́jà, ewu kékeré náà ti pọ̀ jù láti fi dú u. Ẹni tó bá fẹ́ kí fóònù bàbá rẹ̀ yára, kó jókòó tì í, kó bá a pa fídíò tí kò wúlò rẹ́, kó bá a tún fóònù tàn. Ọ̀fẹ́ nìyẹn náà.

Ẹ̀ka ọ̀dọ́ bẹ̀ yín: kí ẹ tó fi líǹkì kankan ránṣẹ́ sí gúrúùpù ìlú, ẹ kọ́kọ́ fi bi wá. A ó bá yín fi ìbéèrè márùn-ún yẹn wò ó, a ó sì fún yín lésì. Ọlọ́run á jẹ́ kí kòkó ọdún yìí gbẹ dáadáa, kí aláàtì rẹ̀ sì wọlé sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Àmín o.